Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí òfin tó mú sìgá oníbátìrì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀?

Ìbéèrè yìí wá láti ọwọ́ ìyá kan ní Àjàṣẹ́, tó tún wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì ọmọ rẹ̀. Ó ní òun bá ohun èlò kan nínú àpò ìwé ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó ń ta sánsán bíi máńgòrò, ọmọ náà sì ní pọ́ọ̀fù ni, kì í ṣe sìgá. Nígbà tí ìyá náà lọ bá ẹni tó ń tà á ní bútíìkì ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé, ọlọ́jà fèsì pé kò sí tábà nínú rẹ̀, kò sí èéfín, nítorí náà kò sí òfin tó kàn án. Àbúrò ìyá náà tó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe rẹ̀ tún dá sí i, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ran òun lọ́wọ́ tí òun fi bọ́ lọ́wọ́ sìgá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá òótọ́ ni ọlọ́jà sọ. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí ìjọba kò kúkú fòfin dè é pátápátá, kí sì ni àwọn òbí lè béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ.

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ìyókù so kọ́. Kì í ṣe òótọ́ pé kò sí òfin. Òfin wà, àmọ́ ọwọ́ tó fi di nǹkan yìí mú kò le tó ọwọ́ tó fi di sìgá mú, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì sì ni ọlọ́jà ń gbà kọjá. Bí ẹ bá mọ ibi tí àlàfo náà wà gan-an, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ béèrè, kò sì ní sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn yí yín lọ́kàn padà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun èlò náà fúnra rẹ̀, sìgá oníbátìrì tí àwọn ọmọdé ń pè ní pọ́ọ̀fù. Ẹ má tú u o, nítorí bátìrì inú rẹ̀ lè gbiná. Èmi ni n ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Bátìrì kékeré kan wà níbẹ̀, okùn irin tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ká róbótó, òwú tó ti mu omi yó sì wà lára irin náà. Bí ọmọ bá ti fa ẹnu rẹ̀, bátìrì á mú irin gbóná, omi inú òwú á di ìkùukùu, ìkùukùu náà á sì gba ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Omi yìí jẹ́ àpòpọ̀ propylene glycol àti glycerine, kẹ́míkà olómi méjì tó ń di ìkùukùu bí wọ́n bá gbóná, pẹ̀lú èròjà tó ń fún un ní adùn máńgòrò tàbí míńtì, àti nikotíìnì. Nikotíìnì yìí kan náà ló wà nínú ewé tábà, ara ewé tábà sì ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tó wà lọ́jà. Kò sí ewé tó ń jó nínú ẹ̀rọ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹrú sìgá wà níbẹ̀ ní pípé.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2% tàbí 20 mg/ml, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mìlígíráàmù 20 nikotíìnì wà nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan omi náà. Ohun èlò tó gba mìlílítà 2 yóò ní mìlígíráàmù 40 nínú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mu odindi sìgá kan kì í sábà gbà ju mìlígíráàmù kan sí méjì sínú ara. Kì í ṣe gbogbo 40 náà ni yóò wọ ara ọmọ, àmọ́ ẹ ti rí i pé kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí 5% bá ni wọ́n kọ, ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin Yúróòpù fàyè gbà lọ. Bí 0% bá sì ni, ẹ má tètè gbà á gbọ́: níbi tí àwọn ilé àyẹ̀wò ti yẹ irú omi bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n ti bá nikotíìnì nínú èyí tí páálí rẹ̀ ní kò ní rárá.

Nǹkan mìíràn tún wà tó mú irú ti òde òní yàtọ̀ sí èyí tí Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, gbé jáde ní ọdún 2003. Nikotíìnì lásán máa ń ta ọ̀fun gan-an, títa yẹn sì ni ìkìlọ̀ tí ara ọmọ tó kọ́kọ́ fà á máa ń rí gbà. Láti bí ọdún 2015 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń po nikotíìnì mọ́ ásíìdì, benzoic acid ni wọ́n sábà ń lò, kí ó lè máa wọlé láìta ọ̀fun bó ti wù kó pọ̀ tó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ ọdún 15 tí kò lè fa sìgá kan tán láìwúkọ́ fi lè fa pọ́ọ̀fù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ènìyàn ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25, nikotíìnì sì máa ń yára fìdí múlẹ̀ nínú ọpọlọ tí kò tíì gbó.

Nípa ti ìlera, ẹni méjì ló máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí sọ: ẹni tó ní omi gbígbóná lásán ni, àti ẹni tó ní ó burú ju sìgá lọ. Kẹ́míkà tó ju 7,000 lọ ló wà nínú èéfín sìgá tó ń jó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè fa jẹjẹrẹ, tábà sì ń pa ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ìkùukùu sìgá oníbátìrì kò ní ọ̀dà, kò ní afẹ́fẹ́ olóró tó ń jẹ́ carbon monoxide, iye oró tó kù nínú rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti sìgá. Àmọ́ bí irin inú rẹ̀ bá gbóná jù, oró bíi formaldehyde àti acrolein lè jáde. Òjé àti nickel lè ti ara irin wọ inú ìkùukùu. Ọjà náà kò sì tíì pẹ́ láyé débi tí ẹnikẹ́ni fi lè yẹ ẹni tó ti fi ogójì ọdún fà á wò. Ẹni tó bá ti ń mu sìgá, tó sì fi í sílẹ̀ pátápátá bọ́ sínú sìgá oníbátìrì, yóò dín ewu kù. Ẹni tí kò mu nǹkan kan tẹ́lẹ̀ kò ní ewu kankan tó fẹ́ dín, ó kàn ń fi owó ra tuntun ni.

Nítorí náà, àbúrò yín kò purọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní ọdún 2019, wọ́n pín àwọn ènìyàn 886 tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, 18% nínú àwọn tí wọ́n fún ní sìgá oníbátìrì ni kò mu sìgá mọ́, nígbà tó jẹ́ 9.9% nínú àwọn tó lo nǹkan bíi gọ́ọ̀mù nikotíìnì tí a ń jẹ lẹ́nu àti bébà nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ ara. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ìwádìí náà ṣe rí: àgbàlagbà ni gbogbo wọn, tinútinú ni wọ́n fi wá gba ìrànlọ́wọ́, àwọn olùdámọ̀ràn sì ń rí wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó kan bútíìkì ẹnu ọ̀nà kọlẹ́ẹ̀jì níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì tíì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìjọba yóò máa pín fún aráàlú láti fi bọ́ lọ́wọ́ tábà, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2009 ni àjọ náà ti fi gọ́ọ̀mù àti bébà nikotíìnì sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí rẹ̀. Ibi tí mo ń lọ ni pé àwọn méjì ni òfin tó dára gbọ́dọ̀ máa rò papọ̀, ọmọ yín àti àbúrò yín, òfin tó bá sì ro ọ̀kan ṣoṣo yóò ṣe èkejì níbi.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ òfin gan-an. Ní ọdún 2003 tí Hon Lik gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ọdún yẹn kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn àgbáyé nípa ìdènà tábà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2005. Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí i pátápátá kí ọdún 2005 náà tó parí. Àwọn tó kọ àdéhùn náà kò lè dárúkọ ohun tí kò tíì dé ọjà, nítorí náà ẹ kò ní bá orúkọ sìgá oníbátìrì níbẹ̀. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ló wá ń fi ìpinnu kún un. Ní Moscow lọ́dún 2014, wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lépa ohun mẹ́rin: kí ẹni tí kò mu tábà, pàápàá ọ̀dọ́, má baà bẹ̀rẹ̀, kí ewu tó wà fún ẹni tó ń lò ó àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dín kù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe polówó àǹfààní ìlera tí kò fìdí múlẹ̀, kí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tábà má sì wọ inú ètò ìjọba. Ní Delhi lọ́dún 2016, wọ́n tún un sọ pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan yálà fòfin de ọjà náà tàbí kí ó fi ìlànà dè é. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 147, sì gbé àdéhùn tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí lọ́nà tó tọ́ ga ju òfin ilé lọ. Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ka ìwé náà.

Ní ilé wa níbí, òfin tábà wa àkọ́kọ́ lábẹ́ àdéhùn yẹn ni òfin 2006-12 ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2006. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin 2017-27 jáde. Ní Àjàṣẹ́ yín yìí náà ni àwọn aṣòfin ti ń jókòó, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yín. Àkọlé òfin 2017-27 nìkan ti tó láti fi dá ọlọ́jà lóhùn: ó ní òun dá lórí ṣíṣe, dídì, kíkọ nǹkan sára, títà àti lílo tábà, àwọn ohun tó ti ara rẹ̀ jáde, àti àwọn ohun tí a kà mọ́ ọn. Bí nikotíìnì inú pọ́ọ̀fù bá ti ara ewé tábà jáde, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ sọ pé kò sí nínú ohun tó ti ara tábà jáde?

Àmọ́ agbẹjọ́rò tó bá gbọ́n yóò ní ìdáhùn méjì, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n ṣáájú. Yóò kọ́kọ́ sọ pé nikotíìnì ti oníbàárà òun kò ti ara ewé kankan wá, pé kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é ní ilé iṣẹ́. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, yóò rán adájọ́ létí pé òfin tó ń fìyà jẹ ènìyàn kì í gba kí a fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ, àti pé ohun tí òfin kò bá dárúkọ kò ṣeé torí rẹ̀ fi ọlọ́jà sí àtìmọ́lé. Èmi rò pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ púpọ̀ nítorí gbólóhùn ohun tí a kà mọ́ tábà. Èkejì ló le. Nínú iyèméjì, ọlọ́pàá kò ní fẹ́ fọwọ́ kan ọjà, aṣọ́bodè kò ní mọ ìlà tó yẹ kí ó kọ ọ́ sí, ọ̀gá ilé-ìwé á sì kàn gbà á lọ́wọ́ ọmọ kí ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Nítorí náà ni mo fi sọ pé òfin wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì le.

Ohun tí irú àlàfo yìí ń dá sílẹ̀, Amẹ́ríkà ti jẹ ẹ́ rí. Ní ìparí ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington dájọ́ pé FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kò lè mú sìgá oníbátìrì gẹ́gẹ́ bí oògùn àfi bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ó ń wo àìsàn. Pé lábẹ́ òfin tábà ti ọdún 2009 ni kí ó ti mú un. Bẹ́ẹ̀ àjọ náà ní láti kọ́kọ́ kéde pé òfin tábà dé ọ̀dọ̀ ọjà náà. Ìkéde yẹn kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni JUUL, irú sìgá oníbátìrì kan, dé ọjà, ó sì rí àyè tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi máa di 2019, 27.5% àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga onípele kejì ní Amẹ́ríkà ló sọ pé àwọn fa sìgá oníbátìrì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọjà náà lọ́rùn, àwọn ilé-iṣẹ́ kan yí padà sí nikotíìnì tí kò ti ara ewé wá, kí wọ́n lè ní òfin tábà kò bá àwọn wí mọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni ilé aṣòfin tó dí ihò yẹn, tí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ibi yòówù kí nikotíìnì ti wá, òfin mú un. Ní 2024, iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wálẹ̀ sí 7.8%. Ohun púpọ̀ ló fà á, kì í ṣe òfin nìkan, ṣùgbọ́n n kò rí bí ì bá ṣe wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ihò náà bá ṣì ṣí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kò ní parí láìdárúkọ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọdún 2019, nítorí ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Títí di oṣù Kejì ọdún 2020, ènìyàn 2,807 ni wọ́n ti gbà sí ilé ìwòsàn, 68 sì kú. Òróró kan tó ń jẹ́ vitamin E acetate, tí àwọn kan pò mọ́ omi igbó tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, ni ó jọ pé ó fà á jù lọ. Kò tọ́ kí a fi ìyẹn sọ pé gbogbo sìgá oníbátìrì ń pa ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ kí a fi sọ pé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti yẹ omi náà wò, ohunkóhun lè wà nínú rẹ̀.

Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn. Àṣẹ wọn ti ọdún 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, fàyè gba ọjà náà lábẹ́ ìdíwọ̀n: nikotíìnì kò gbọ́dọ̀ ju mìlígíráàmù 20 lọ nínú mìlílítà kan, ìgò omi kò gbọ́dọ̀ ju mìlílítà 10 lọ, ibi tí omi ń wà nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ju mìlílítà 2 lọ. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ohun tó wà nínú ọjà rẹ̀ tó ìjọba létí ní oṣù mẹ́fà kí ó tó tà á, ìkìlọ̀ nípa nikotíìnì sì gbọ́dọ̀ gba 30% ojú páálí. Síbẹ̀ pọ́ọ̀fù àlòsọnù gba àárín gbogbo ìlànà yìí kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ fani mọ́ra, ó dùn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 Bẹ́ljíọ̀mù fòfin de títà pọ́ọ̀fù àlòsọnù, Faransé tẹ̀lé e pẹ̀lú òfin ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún kan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fòfin de irú èyí tí àgbàlagbà lè máa rọ omi sí. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání.

Àwọn tó fòfin de gbogbo rẹ̀ náà kò kéré. Bràsíìlì ti fòfin de títà rẹ̀ láti 2009, Uganda ṣe é nínú òfin tábà rẹ̀ ti 2015, Íńdíà ní 2019. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ka gbogbo wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, orílẹ̀-èdè 34 ló ti fòfin de títà rẹ̀, 74 kò ní ìlànà kankan, 88 kò sì sọ iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kí ó tó rà á. Ẹgbẹ́ tí ó burú jù láti wà ni ti àwọn 74 yẹn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣé kí àwa náà wá fòfin dè é pátápátá? Ẹ mọ ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí Ìgólò, ẹ sì mọ ìgò kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà lọ́nà àìtọ́, tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí òwò yẹn ti lòdì sí òfin, iná jó ọ̀pọ̀ ènìyàn pa nídìí rẹ̀ ní Sèmè-Kpodji ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, síbẹ̀ ohun tó mì ín jù lọ kì í ṣe àṣẹ kankan láti ọ̀dọ̀ wa, bí kò ṣe ọjọ́ tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún náà tí owó rẹ̀ sì fò sókè. Pọ́ọ̀fù fúyẹ́ ju kpayo lọ. Ọlọ́kadà zémìdján kan tó ń bọ̀ láti Ìlárá wá sí Kétu lè kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú àpò ẹ̀yìn láìsí ẹni tó fura. Ọjà tí òfin bá lé wọ abẹ́lẹ̀ kì í ní páálí tí ẹnikẹ́ni lè kà, ọlọ́jà abẹ́lẹ̀ kì í sì béèrè ọjọ́ orí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní kí n rántí Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa, níbi tí ìjọba ti kó oògùn ayédèrú ní 2017, tí ó sì hàn pé bí ìjọba wa bá gbájú mọ́ nǹkan, ó lè ṣe é. Òótọ́ ni, mo sì gbà. Àmọ́ ibì kan ṣoṣo ni Adjégounlè, gbogbo ènìyàn mọ ibi tó wà.

Èrò tèmi, tí mo lè gbèjà rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni, ni pé kí a pín ọjà náà sí méjì. Kí òfin dá pọ́ọ̀fù àlòsọnù dúró pátápátá, wíwọlé rẹ̀, títà rẹ̀ àti pípín in lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí kò sí àgbàlagbà tó nílò rẹ̀ tí kò lè rí òmíràn lò, bátìrì inú rẹ̀ sì ń di pàǹtírí tí ìlú wa kò ní ibi tó ń dà á sí. Kí a wá ka èyí tó ṣeé rọ omi sí mọ́ tábà ní gbogbo ọ̀nà: ibi tí a ti lè fà á, ìkìlọ̀ ara páálí, àìgbọdọ̀-polówó, àìgbọdọ̀-tà fún ọmọdé, pẹ̀lú ìdíwọ̀n mìlígíráàmù 20, kí wọ́n sì yọ adùn èso àti súìtì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò ní mo rọ̀ jù, àwọn mìíràn á ní mo le jù fún àbúrò yín tó fẹ́ràn adùn míńtì. Bí ó bá di pé kí n yàn láàárín adùn ẹnu àgbàlagbà àti ohun tó ń fa ọmọdé wọlé, mo ti yàn.

Ti owó orí kò ní gbà wá pẹ́. Ìlànà ECOWAS ti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ní kí owó orí tábà má dín sí 50% iye ọjà, pẹ̀lú sẹ́ńtì méjì dọ́là lórí igi sìgá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ omi kò ní igi tí a lè kà. Orí mìlílítà ni kí wọ́n ti gbà á, kí ó má sì wọ́n ju sìgá lọ, kí ẹni tó ń gbìyànjú láti fi sìgá sílẹ̀ má baà padà sídìí rẹ̀.

Nípa ohun tí ẹ lè ṣe ní Àjàṣẹ́ láìdúró de òfin tuntun: ẹ ya àwòrán páálí náà ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ kọ orúkọ bútíìkì àti ọjọ́ tí wọ́n tà á sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ òbí sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlera àti ti ìṣòwò ní ẹkùn Ouémé papọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí ìlú ní mẹ́rì, nítorí pé mẹ́rì ló ń bójú tó ètò ìta gbangba. Lẹ́tà tó bá ní àwòrán nínú kì í rọrùn láti gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀. Ní ilé-ìwé, ẹ bẹ olùdarí kó kọ ọ́ sínú ìlànà ilé-ìwé pé ohun tó kan sìgá kan pọ́ọ̀fù, àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n lé ọmọ kúrò nílé-ìwé nítorí rẹ̀. Ọmọ tó ti ń fà á lójoojúmọ́ yóò máa bínú lásán, kò ní lè fọkàn sí ẹ̀kọ́, oorun rẹ̀ kò sì ní já gaara fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ìtọ́jú ló ń wá nígbà yẹn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ta tábà tàbí pọ́ọ̀fù bá sì wá fi owó lọ̀ yín láti ṣe ìlanilọ́yẹ̀ fún ọ̀dọ́, ẹ má gbà á. Abala 5.3 àdéhùn àgbáyé yẹn ní kí ìjọba dáàbò bo ètò ìlera rẹ̀ lọ́wọ́ irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ òbí náà sì lè mú un lò.

Ohun tó kù ni kí ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín nílé aṣòfin, kí ẹ má sì béèrè ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òfin odindi máa ń gba ọdún. Ẹ béèrè ìlà kan ṣoṣo kí wọ́n fi kún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú òfin 2017-27: pé ohunkóhun tí a fi ń fa nikotíìnì sínú ara, yálà nikotíìnì náà ti ara ewé tábà wá tàbí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe é, àti omi tí a ń lò nínú rẹ̀, ìbáà ní nikotíìnì tàbí kó má ní, wà lára ohun tí a kà mọ́ tábà. Ọ̀rọ̀ ìbáà ní nikotíìnì tàbí kó má ní yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, nítorí bí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo páálí tó wà ní bútíìkì yóò di 0% kí oṣù tó parí.